Ìtàn Orin Àjùmọ̀kọ ní Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nínú iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ òtítọ́ nínú orin. Ohùn obìnrin ròkè, kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ bá ti ọkùnrin ní ìsàlẹ̀. Ohùn ọkùnrin jinlẹ̀, kò lè gòkè lọ bá ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí olúkúlùkù bá dúró sí ipò rẹ̀, tí gbogbo wọn sì kọ orin kan náà pọ̀, ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ohùn ẹnì kan mọ́. Ó di ohun titun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá ṣe. Irú orin báyìí ni mo ń pè ní orin àjùmọ̀kọ nínú àròkọ yìí.

Ní Ṣàṣà níhìn-ín, orin àjùmọ̀kọ kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣàṣà tí ó wà ní Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìtòsí Akówọnjọ àti Ẹgbẹ́dá, ni mo ń wí, kì í ṣe Ṣàṣà ti Ìbàdàn níbi tí ọjà tòmátì wà. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìlú Èkó ti gbòòrò títí ó fi wá bá wa nílé, àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo sì ti tẹ̀dó sí àárín wa. Bí ilé ìjọsìn ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, tí olùdarí ń dá wọn dúró, tí wọ́n sì tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún orin ìbílẹ̀, àyè kì í gba èrò. Ìyá arúgbó tí ó ti ń tòògbé nígbà tí a ń kọ orin èdè òkèèrè yóò jí, yóò nà tàntàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni ó jí i? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá mi rò. Nítorí pé àṣà kí ènìyàn jókòó lórí àga láìfọhùn, kí àwọn mìíràn dúró níwájú wọn, kí wọ́n máa kọrin ní oríṣi ohùn mẹ́rin, kì í ṣe àṣà àwọn baba wa. Ó ní ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ní ohun tí ojú orin tiwa rí kí ó tó ráyè wọ inú rẹ̀.

ORIN ÀWỌN BABA WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa láti kọrin pọ̀. Kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń sun ìjálá, tí àwọn eléégún ń ké iwì, tí àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbádò ń kọ orin Ẹ̀fẹ̀ ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, tí àwọn ará Èkó sì ní orin Ẹ̀yọ̀ tiwọn. Orin wà fún ìsọmọlórúkọ, orin wà fún ìsìnkú àgbà, orin wà fún ẹni tí ń gún iyán àti fún ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nínú púpọ̀ nínú orin wa, ẹnì kan ni í lé e, àwọn ìyókù ni í gbè é. Ẹni tí ń lé orin ní òmìnira: ó lè fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, ó lè pe orúkọ àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó lè fi òwe gún ẹni tí ó hùwà àìdára lára. Ṣùgbọ́n ègbè dúró gbọningbọnin bí òpó ilé, òun ni ẹni tí ń lé orin fi ń sinmi. Ohun pàtàkì ni èyí pẹ̀lú: kò sí òǹwòran tí ó jẹ́ òǹwòran lásán. Ẹni tí kò lé yóò gbè. Ẹni tí kò gbè yóò pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò pàtẹ́wọ́ yóò jó.

Ní ti ohùn, ní apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo àwọn elégbè ń tọ̀. Ohùn obìnrin lè wà lókè kí ti ọkùnrin wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì a gòkè; bí ọ̀kan bá sọ̀kalẹ̀, èkejì a sọ̀kalẹ̀. Ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Oǹdó, a máa ń gbọ́ ohùn méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí ó ti rí, ẹ fi dò-rè-mí tí ẹ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀n ọ́n: nígbà tí ohùn kìíní bá wà ní mí, èkejì a wà ní dò, nígbà tí ohùn kìíní bá gòkè lọ sí sọ, èkejì a gòkè lọ sí mí. Bí ìbejì tí ń rìn lọ sí ọjà ni wọ́n rí: wọn kì í di ara wọn mú, wọn kì í sì í ya ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sí i.

ORIN ÀLEJÒ

Ní ọdún 1842 ni àwọn ìránṣẹ́ ìyìn rere gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó di ọdún 1852, iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Wọ́n mú ìwé orin lọ́wọ́, dùùrù sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ di olùfẹ́ orin wọ̀nyí ni àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú, tí a gbà sílẹ̀ lórí omi, tí a sì tọ́ dàgbà ní Sierra Leone, kí wọ́n tó padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọdún 1859 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1866 àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Academy, fún ìwé kíkà, àwíyé àti orin. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fúnra rẹ̀ sì jẹ́ alátìlẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni kọ́nsáàtì ti gbilẹ̀ ní Èkó: a ta tíkẹ́ẹ̀tì, a tẹ ìwé ètò, a to àga, àwọn akọrin sì jáde wá nínú aṣọ òyìnbó. Robert Coker, ẹni tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Jámánì, di olókìkí láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Mozart ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ Handel àti ti àwọn ògbólógbòó akọrin Yúróòpù ni wọ́n ń kọ.

Kò yẹ kí a fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí wọ́n kọ́ ṣòro, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa. Láti ọwọ́ wọn ni a ti rí ìlànà gbà: kí ẹgbẹ́ máa pàdé ní àkókò, kí a kọ orin sínú ìwé, kí olúkúlùkù mọ ipò ohùn tirẹ̀, tírébù, áàtò, tẹ́nọ̀ tàbí báàsì. Ṣùgbọ́n a san owó rẹ̀. Èkíní, òǹgbọ́ tí ó ti jẹ́ elégbè rí wá di ẹni tí ó pa ẹnu mọ́. Èkejì, èdè tí a fi ń kọrin kì í ṣe èdè tí a fi ń ṣe ìdárò. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè yin aṣọ àwọn akọrin, kò lè yin ọ̀rọ̀ wọn.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè. Ní ọdún 1888, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó yà kúrò, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, David Vincent, pa orúkọ náà tì ní ọdún 1894, ó sì di Mojola Agbebi. Ní ọdún 1902, nínú ìwàásù kan tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá òkun, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí nítorí pé wọ́n gbé àṣà òkèèrè wọ inú ìsìn, ìwé orin àti dùùrù pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ti rò pé Èkó nìkan ni irú ìjà ọkàn bẹ́ẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọdá òkun díẹ̀, nítorí ní ọdún 1866 kan náà tí a dá The Academy sílẹ̀, ni àwọn ọmọ ẹrú kan ní Amẹ́ríkà ṣí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.

ÀWỌN AKỌRIN FISK

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1866, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti parí, a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Nashville fún àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Fisk ni orúkọ rẹ̀. Inú àgọ́ tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò ju ọdún márùn-ún lọ tí gbèsè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Nígbà náà ni George White, òyìnbó tí ó jẹ́ akápò ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó sì ń kọ́ wọn lórin, wí pé òun yóò kó àwọn akọrin jáde lọ wá owó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1871 ni òun àti àwọn akọrin mẹ́sàn-án fi Nashville sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni a bí sí oko ẹrú. Ella Sheppard, ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ni ó ń tẹ dùùrù fún wọn, tí ó sì ń ran olùdarí lọ́wọ́.

Orin wo ni wọ́n gbé jáde? Orin àwọn òyìnbó ni, bí ti àwọn ará Èkó gan-an. Wọ́n mọ orin mìíràn, orin tí àwọn òbí wọn ń kọ nínú oko òwú àti nínú ìsìn ìkọ̀kọ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kọ ọ́ ní gbangba. Orin mímọ́ ni sí àwọn òbí wọn, orin ìtìjú sì ni pẹ̀lú, nítorí ó ń rán wọn létí ẹ̀wọ̀n. Ta ni í fi ọgbẹ́ ìyá rẹ̀ han àlejò?

Ọ̀nà kò dán fún wọn. Ilé àlejò pọ̀ tí ó kọ̀ wọ́n nítorí àwọ̀ wọn. Ebi pa wọ́n, òtútù mú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Cincinnati, tí wọ́n gbọ́ pé iná ti jó ìlú Chicago, owó díẹ̀ tí wọ́n rí ni wọ́n fi ta àwọn tí iná sọ di aláìnílé lọ́rẹ. Láti inú Ìwé Léfítíkù, níbi tí a gbé sọ̀rọ̀ ọdún Júbílì tí ẹrú ń di òmìnira, ni White ti rí orúkọ tí ó fún wọn: Jubilee Singers. Ní oṣù Bélú ọdún náà, ní Oberlin, níwájú àpéjọ àwọn àlùfáà, wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin àwọn òbí wọn. Ariwo inú àpéjọ náà rọlẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni orin tí wọ́n ti ń fi pamọ́ di orin tí àwọn ènìyàn ń wá gbọ́.

Ní ọdún 1872 wọ́n kọrin níwájú Ààrẹ Grant. Ní ọdún 1873 wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ní Ìlú Ọba. Owó tí wọ́n kó jọ ni a fi kọ́ ilé ńlá kan tí a ń pè ní Jubilee Hall, tí a ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1876. Ilé náà dúró ní Nashville títí di òní, àwòrán àwọn akọrin náà tí a yà ní Ìlú Ọba sì wà nínú rẹ̀. Orin gbèsè wọn san gbèsè wọn. Orin ìtìjú wọn ni ó sì di ògo wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé orin òyìnbó burú. Orin òyìnbó ni ó fún àwọn ọmọ Fisk ní ìlànà ohùn mẹ́rin, èyí tí wọ́n fi gbé orin àwọn òbí wọn ró. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ìlànà jẹ́ àwo, orin jẹ́ oúnjẹ. A lè yá àwo aládùúgbò; ṣùgbọ́n bí a bá yá àwo tí a tún yá ọbẹ̀, àlejò tí ó wá jẹun ní ilé wa kò tí ì jẹ oúnjẹ wa.

ỌKỌ, ỌKỌ́, ỌKỌ̀

Ní ti àwa ọmọ Yorùbá, ohun kan mú kí ọ̀ràn náà le ju ti Fisk lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Fisk fi ń kọrin kò bìkítà bí orin bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ a ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣáájú wa mọ èyí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti pinnu bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Lórí ìwé, àmì lè sọ ohun tí ohùn ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé ohùn orin òyìnbó ka orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sí àmì tí ó lè gbà wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ìyàwó bá fẹ́ yin ọkọ rẹ̀, tí ohùn orin sì gòkè ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ọkọ́ tí a fi ń roko ni ó ń yìn. Bí ohùn bá sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ tí ń rìn lójú omi ni. Nísinsìnyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí fún ẹgbẹ́ akọrin olóhùn mẹ́rin. Ìlànà òyìnbó fẹ́ràn kí ohùn máa ya ara wọn, kí tírébù máa gòkè nígbà tí báàsì ń sọ̀kalẹ̀, kí áàtò dúró lójú kan. Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú kan náà, tírébù ń kọ ọkọ́, báàsì ń kọ ọkọ̀, áàtò nìkan ni ó rántí ọkọ ìyàwó! Orin náà lè dùn mọ́ etí àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó jókòó níbẹ̀ ń gbọ́ ìró, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ni ìyá arúgbó ìbá ṣe bí kò ṣe kí ó tòògbé?

ÀWỌN TÍ Ó TÚN UN ṢE

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìní àwọn tí ó rí àléébù yìí, tí wọ́n sì wá àtúnṣe sí i.

Èkíní ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí a bí ní ọdún 1855 tí ó sì kú ní ọdún 1930. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò tí ì fẹ́ gbọ́ ìwàásù lè dúró gbọ́ orin. Nítorí náà, ó mú ohùn orin tí àwọn ará ìlú mọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìhìn rere sí i lọ́nà tí ohùn àti ọ̀rọ̀ fi ń rìn pọ̀. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó lọ sí London, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Orin rẹ̀ tí wọ́n gbà ju 40 lọ. Àwọn tí ó mọ orúkọ Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé bàbá àgbà ti kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kí a tó bí ọmọ náà ní ọdún 1938.

Èkejì ni Thomas King Ekundayo Phillips, tí a bí ní ọdún 1884. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní London, ó di atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní ilé ìjọsìn Christ Church ní Marina, Èkó, ní ọdún 1914, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1962, nígbà tí Obayomi ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni! Ojú rẹ̀ ni a ṣe fi ìpìlẹ̀ ilé Kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ lónìí lélẹ̀ ní ọdún 1925, ojú rẹ̀ ni a sì ṣe parí rẹ̀ ní ọdún 1946. Ó tọ́ àwọn ọmọ akọrin dàgbà nínú orin òyìnbó, ṣùgbọ́n kò fi etí tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ó wádìí orin ìbílẹ̀ wa, ó sì kọ ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1953, Yoruba Music ni orúkọ rẹ̀, nínú èyí tí ó fi hàn pé orin Yorùbá ní òfin tirẹ̀, àti pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí àwọn ìbejì Èkìtì tí ń rìn lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni ìwòsàn náà wà. Bí ohùn òkè bá gòkè, kí ti ìsàlẹ̀ gòkè pẹ̀lú. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Báyìí ni ohùn mẹ́rin yóò fi dún, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò sì jáde. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá lórí dùùrù, àwọn obìnrin Èkìtì ti ń kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Lára àwọn ọmọdé tí ó kọrin lábẹ́ Phillips ni Fela Sowande, tí a bí ní ọdún 1905. Òun ni ó di àgbà nínú àwọn tí ń kọ orin sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí orin African Suite rẹ̀ ti ọdún 1944 gbé kiri ayé. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tún to orin àwọn ẹrú Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ akọrin. Báyìí ni odò tí ó ti Nashville ṣàn àti odò tí ó ti Èkó ṣàn ṣe pàdé.

Láti inú ilé ìjọsìn ni orin ìbílẹ̀ ti jáde sí orí ìtàgé. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1944, Hubert Ogunde, ọmọ Òsosà tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, gbé eré orin rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó fún Ìjọ Olúwa ti Aládúrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó gbé ayé láti ọdún 1935 títí di ọdún 1976, kọ orin àjùmọ̀kọ bíi Fún Mi Ní Ìbejì, ó sì dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1983 a dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ wà ní Oníkan títí di òní, níbi tí orin Handel àti orin ìbílẹ̀ ti lè wà nínú ìwé ètò kan náà. Kò sí ẹni tí yóò tijú nítorí èyí mọ́.

BÍ A TI Í GBÁDÙN RẸ̀

Nísinsìnyí, bí a bá pè yín sí kọ́nsáàtì orin ìbílẹ̀, báwo ni ẹ ó ti ṣe gbádùn rẹ̀? Mo fẹ́ sọ ohun mẹ́ta.

Èkíní, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá lè mọ ohun tí wọ́n ń wí, ẹ má ṣe yára dá ara yín lẹ́bi. Ẹ wò ó bóyá ẹni tí ó to orin náà fi ọkọ́ rọ́pò ọkọ. Ẹgbẹ́ tí ó mọṣẹ́, ọmọdé tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkejì, ẹ fi etí tẹ̀ lé ohùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Etí tí kò ní ìkọ́ni, ohùn òkè nìkan ni í gbọ́, bí ẹni tí ó wo ilé tí ó rí òrùlé nìkan. Ẹ yan báàsì ní ọjọ́ kan, kí ẹ yan áàtò ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ ó rí i pé ẹni tí kò kọ ohùn tí ó gbajúmọ̀ ni ó gbé ilé ró. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó rò pé bí òun kò bá wà níwájú, òun kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹni tí ń lé orin bá kọjú sí yín, ẹ gbè é. Dídákẹ́ dára nígbà tí orin bá béèrè ìdákẹ́jẹ́. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n orin lílé tí kò rí ègbè dà bí ìkíni tí kò rí ìdáhùn. Ohun tí kọ́nsáàtì àtijọ́ gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, orin ìbílẹ̀ sì ti dá a padà. Èyí pẹ̀lú ni ó jí ìyá arúgbó: ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé a ń retí ìdáhùn òun.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin kò lè kọ orin tí ó ti sọnù. Ní Ṣàṣà, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìkọ̀tún àti ní Ìgàndò, àwọn àgbà Àwórì wà tí wọ́n mọ orin tí ó wà níhìn-ín kí títì àti ilé alájà tó dé. Púpọ̀ nínú orin náà kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń darúgbó; àwọn ọmọ wọn ń kọ orin tí wọ́n gbọ́ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí àgbà kan bá lọ, kì í ṣe òun nìkan ni a ń sin.

Àwọn ọmọ Fisk rí orin tiwọn gbà nítorí pé ìyá wọn ṣì wà láàyè, àwọn fúnra wọn sì rántí. Theodore Seward fetí sí wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ṣàṣà? Èmi kò mọ ẹni tí ó yẹ fún un ju olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ fún orin kan. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Kí ó béèrè ìgbà tí a máa ń kọ ọ́, ẹni tí ń lé e, àti ẹni tí ń gbè é. Bí fóònù bá wà nílé, kí ó gba ohùn àgbà náà sínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọrọ àyè. Kí olùkọ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ó sì fi pamọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe sí ilé ara rẹ̀. Ní ọdún kan, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ọmọ 40 lè ní orin 40.

Lẹ́yìn èyí ni kí a pe olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, kí a fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, kí a sì rọ̀ ọ́ pé kí ó to ohùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí ọkọ yóò fi máa jẹ́ ọkọ láti ẹnu tírébù títí dé ẹnu báàsì. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a pọn omi nígbà tí orísun ṣì ń sun.